Màmá Nọ́ọ̀sì, Bátìrì Mẹ́rin, àti Ọjọ́ Ìbí Gbogbo Ìlú

Nínú gbogbo ẹni tí mo mọ̀ láyé, Màmá mi àgbà nìkan ló fi rọ́bà tí nọ́ọ̀sì ń kì bọ etí gbọ́ àyà kọ̀ǹpútà. Mo wà níbẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gbé ojú irin rẹ̀ lé ara àpótí náà, wọ́n dijú, wọ́n sì na ọwọ́ kan sókè kí gbogbo ilé dákẹ́. Nígbà tí wọ́n la ojú, igbe tí wọ́n ké, àwọn tó ń kọjá lójú títì gbọ́ ọ: "Ó ń mí!"

Wọ́n ti lọ báyìí. A ti sin wọ́n, àwọn àlejò ti padà sí ibi tí kálukú ti wá, àwọn ẹbí sì ní kí èmi Bùsọ́lá, tí mo bá wọn gbé pẹ́ jù, kọ nǹkan sílẹ̀ kí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí lè mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. N kò ní kọ ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀, àwọn fúnra wọn ì bá sì ti sùn lọ kí n tó kà á dé ìdajì. Ohun tí mo fi ojú mi rí, tí mo sì fi etí mi gbọ́, ni mo fẹ́ sọ.

Agbẹ̀bí ni wọ́n. Ilé ìgbẹ̀bí wọn wà nínú ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, yàrá mẹ́rin àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, gbogbo rẹ̀ ń rùn fún sípíríìtì àti ọṣẹ. Láti Ìbẹ̀fún, láti Ayépé, láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni àwọn aláboyún ti ń wá, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí, ìyàwó tíṣà àti ìyàwó oníṣòwò. Màmá Nọ́ọ̀sì ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. Nígbà tí èmi yóò fi gbọ́n, ìdajì àwọn àgbàlagbà ìlú ló ti gba ọwọ́ wọn wá sáyé, Màmá kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn gbàgbé.

Wàhálà tó wà nídìí bíbá wọn jáde nìyẹn. Ojú ọmọ ọjọ́ kan ni wọ́n fi ń wo gbogbo ènìyàn. Adarí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọkùnrin onírùngbọ̀n tí gbogbo wa ń bẹ̀rù, ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lọ́jọ́ Àìkú kan nígbà tí Màmá di orí rẹ̀ mú níwájú àwọn akọrin. Wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ wọ́ ọ yí ká bí ẹni tó ń wo ìkòkò lọ́jà. "Ẹ wo bó ṣe rí rogodo. Nígbà tó dé, bí ìbẹ́pẹ ló gùn. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi wọ́ ọ!" Ọkùnrin náà kò lè bínú, kò sì lè rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá." Màmá dá a lóhùn pé, "Má dúpẹ́. Ṣáà máa dé fìlà tó bá a mu."

Ti máníjà báǹkì ló burú jù. Ọkùnrin yìí jáde láti inú ọ́fíìsì rẹ̀ pẹ̀lú kóòtù àti táì, ó fẹ́ wá kí wọn bí ó ti yẹ. Màmá wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣé ìwọ kọ́ lo tọ̀ sí mi lójú?" Àwọn tó tò sórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Máníjà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì, ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Èmi náà ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn oníbàárà gbọ́." Màmá tẹ̀ síwájú, wọ́n fọwọ́ kan èjìká rẹ̀: "Wọ́n ti gbọ́. Dìde, kóòtù rẹ á dọ̀tí."

Ohun mìíràn tí n kò rí lára ẹlòmíràn ni ìwé kíkà wọn. N kò sọ ti ìwé ńlá. Ìwé pélébé tí wọ́n ń ká sínú páálí oògùn, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn agolo sàdíìnì, bébà tó bá stóòfù wá, gbogbo rẹ̀ ni Màmá ń kà pẹ̀lú awò ojú, láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dé orúkọ ìlú tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Mo bi wọ́n léèrè rí pé kí ló dùn nínú ìwé stóòfù. Wọ́n ní, "Ẹni tó ṣe nǹkan ló mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù nípa rẹ̀. Ibẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí."

Ṣùgbọ́n ohun tí Màmá kò fi ṣeré rárá ni ọjọ́ ìbí. Kò sí ọmọ tí wọ́n gbẹ̀bí rẹ̀ tí wọn kò kọ ọjọ́ rẹ̀ sínú rẹ́jísítà kí wọ́n tó fọ ọwọ́. Láyé ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọmọ tó bá fẹ́ wọ ilé-ìwé yóò na ọwọ́ kọjá lórí, bí ìka rẹ̀ bá kan etí òdì kejì, wọ́n gbà á wọlé. Bí kò bá kàn án, kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí Màmá nínú títí tí èdè Ìjẹ̀bú abínibí wọn yóò fi bo gbogbo èdè tí wọ́n kọ́ ní ilé-ìwé míṣọ̀n. Bí ara wọn bá wá balẹ̀, wọ́n á ní, "Ọwọ́ ọmọ gùn, ọwọ́ ọmọ kúrú, kí ló kan ọjọ́?"

Nítorí náà, nígbà tí ikán wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí àwọn rẹ́jísítà náà wà, ó dà bíi pé ikán wọ inú ẹran ara wọn. Ọmọ wọn, àbúrò bàbá mi tí a ń pè ní Bùrọ̀dá Délé, gbọ́ ọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ́fíìsì tí Bùrọ̀dá ti ń ṣiṣẹ́ ń kó kọ̀ǹpútà àtijọ́ jáde nígbà náà, wọ́n sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Màmá nínú ọkọ̀ ojú omi. Ìparí àwọn ọdún 1980 nìyí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìjẹ̀bú-Òde kò tíì fojú kan kọ̀ǹpútà rí. Nígbà tí ọ̀rẹ́ Bùrọ̀dá wá bá wa tò ó, Màmá jókòó tì í pẹ̀lú kálàmù. Gbogbo ohun tó bá tẹ̀ ni wọ́n ń kọ sẹ́yìn ìwé orin wọn. Ọ̀rẹ́ Bùrọ̀dá ní, "Màmá, ẹ ò nílò èyí o." Màmá ní, "Mo mọ̀. Tún nọ́ńbà yẹn pè."

Oṣù mọ́kànlá ni a fi tẹ rẹ́jísítà wọ inú ẹ̀rọ náà. Màmá á máa kà, èmi á máa tẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni nígbà náà, n kò sì tíì ríṣẹ́, nítorí náà àárọ̀ dé ọ̀sán ni a máa ń wà níbẹ̀. A kì í tẹ orúkọ mẹ́wàá kí Màmá má dá ẹ̀rín sílẹ̀ nípa ìkan. Nígbà tí a parí, ikán ti kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti ń gun ògiri. Màmá kó gbogbo rẹ́jísítà sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì tú kẹrosíìnì sí i.

Àbúrò wọn ọkùnrin tó ń gbé ní Ayépé, tí a ń pè ní Bàbá Ayépé, sáré dé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró! Ṣé nítorí àpótí òyìnbó lẹ fẹ́ sun iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún?"

"Ikán ló ti jẹ ẹ́. Èyí tó kù ni mò ń sun, kí wọ́n má baà jẹ ilé mọ́ ọn."

"Bí àpótí náà bá wá gbàgbé ńkọ́?"

Màmá ṣá ìṣáná. "Àpótí kì í gbàgbé. Ìwọ lo máa ń gbàgbé."

Ó pẹ́ gan-an kí n tó tún gbọ́ tí Bàbá Ayépé bá wọn sọ̀rọ̀, níbi ìsìnkú ẹnìkan, iyọ̀ ni wọ́n sì ní kí Màmá fún àwọn.

Kò pẹ́ rárá tí aago inú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. A ó tan án ní Ọjọ́bọ̀, yóò ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Màmá á bá a wí bí ọmọ iléèwé: "Ọjọ́bọ̀! Ọjọ́bọ̀ la wà!" Wọ́n á tún ọjọ́ rẹ̀ ṣe, bó bá tún di ọ̀la, yóò tún ti sún sẹ́yìn. Èmi ń rẹ́rìn-ín, mo rò pé eré ni. Màmá kò rín tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Mo ti rí ọmọ tó ń sùn jù. Ebi ló máa ń wà nídìí rẹ̀."

Lẹ́yìn náà ni ìjì kan jà, igi wó lu wáyà àdúgbò wa, a kò sì ní iná fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ tí iná dé, gbogbo ilé hó yèè, mo sáré lọ tan kọ̀ǹpútà. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kọ ọ́ pé bátìrì òun ti kú, òun kò sì mọ ohun tó wà nínú òun mọ́. Mo ki díìsì pẹlẹbẹ tó ń bá a jí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó jí. Ó ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1980 ni a wà. Mo ní kó ṣí díìsì ńlá tó wà nínú rẹ̀ fún mi, ibi tí gbogbo orúkọ wà. Ó ní kò sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Mo tún un tẹ̀. Ó ní kò sí.

A ti kó ẹ̀dà àwọn orúkọ náà sí díìsì pẹlẹbẹ mélòó kan o. Mo lọ kó wọn jáde. Ọ̀rinrin òjò ti wọ inú páálí, gbogbo wọn ti hu funfun bí búrẹ́dì ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Màmá dúró lẹ́yìn mi. Wọ́n wo ojú fèrèsé, síbi tí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ṣì dúdú níbi tí wọ́n ti sun ìwé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ: "Bàbá Ayépé kò gbọdọ̀ gbọ́."

Mo ránṣẹ́ sí Èkó, sí ọkùnrin kan tí wọ́n ní ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Lékan ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ẹnjiníà ni ó fẹ́ kí á máa pe òun. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló dé, pẹ̀lú báàgì aláwọ dúdú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tíì pé tó jókòó sídìí ẹ̀rọ nígbà tí Alhaji kan wọlé láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin, Mùínátù.

Ọ̀rọ̀ Mùínátù kò gba ìdúró. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ti pè é fún àyẹ̀wò, ọ̀la Ẹtì ni. Wọn kì í gba ẹni tí kò bá tíì pé ọdún méjìdínlógún, wọ́n sì fẹ́ rí ìwé láti ọwọ́ ẹni tó gbẹ̀bí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú láti kékeré rẹ̀. Bàbá rẹ̀ mọ̀ pé ọdún tí òun ra kẹ̀kẹ́ òun àkọ́kọ́ ni wọ́n bí i, ṣùgbọ́n kò mọ ọdún tí òun ra kẹ̀kẹ́.

Màmá di ọwọ́ ọmọ náà mú. "Ẹsẹ̀ lo fi wá sáyé. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, ìyá rẹ ń kọrin. Mo rí i bí ẹni pé àná ni."

Alhaji ní, "Àlùhámdùlíláhì! Ẹ kọ ọjọ́ náà fún wa, Màmá."

"Mo rántí òjò. Mi ò rántí ọdún."

"Màmá, ẹ kàn fojú díwọ̀n rẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi á mọ̀. Èmi kì í fi ojú inú kọ ọjọ́ ìbí."

Omi lé ròrò sójú Mùínátù. Ìgbà yẹn ni Ẹnjiníà yíjú padà láti ìdí kọ̀ǹpútà, ó sì fi ọwọ́ kan nu èkejì bí dókítà tó jáde láti yàrá iṣẹ́ abẹ. "Màmá, díìsì inú rẹ̀ ti kú. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n fọ̀ ọ́ mọ́ pátápátá, bóyá á gbà kí ẹ bẹ̀rẹ̀ nǹkan tuntun. Ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ gbàgbé ẹ̀." Bó ti ń sọ̀rọ̀ ló ń yọ díìsì ìfọ̀ láti inú báàgì.

Màmá na ọwọ́, wọ́n pa iná ẹ̀rọ náà.

"Ta ló sọ fún ọ pé ó kú?"

"Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni, Màmá. Ó ní òun kò rí i."

"Ìwọ gan-an ńkọ́, ṣé o wò ó?" Wọ́n ti ń lọ sí yàrá ìgbẹ̀bí. Nígbà tí wọ́n padà, rọ́bà àyẹ̀wò ti wà létí wọn. "Nínú ilé yìí, a kì í pe ọmọ ní òkú kí a tó gbọ́ àyà rẹ̀. Bùsọ́lá, tàn án."

Mo ti sọ bí wọ́n ṣe kúnlẹ̀. Ohun tí n kò sọ ni ojú Ẹnjiníà, bí ẹni tó ń rò ó bóyá kó sá. Màmá gbọ́ apá òsì àpótí, wọ́n mi orí. Wọ́n gbọ́ apá ọ̀tún. Wọ́n dúró. Ẹnu wọn là díẹ̀díẹ̀. "Ó ń mí! Ó ń yí, ó ń dún kíkí-kíkí! Ẹnjiníà, wá gbọ́!"

Wọ́n yọ rọ́bà, wọ́n fi í bọ Ẹnjiníà létí tipátipá. Òun náà tẹ́tí sí i. "Lóòótọ́ ni, Màmá, ó ń yí."

"Òkú kì í yí. Kì í ṣe ọmọ ló kú, ẹni tó yẹ kó dá a mọ̀ ló gbàgbé orúkọ rẹ̀."

Ni wọ́n bá gbé ìwé tó bá kọ̀ǹpútà wá jáde, èyí tí ẹnikẹ́ni kò kà rí bí kò ṣe àwọn. Wọ́n ṣí i tààrà sí ojú ewé tí wọ́n fẹ́. Ó wà níbẹ̀ pé bátìrì kékeré kan wà lórí pátákó inú ẹ̀rọ náà, òun ló ń mú kí aago rẹ̀ máa rìn, òun náà ló ń bá a rántí irú díìsì tó ní bí a bá pa iná. Iná ilé ló ń bọ́ bátìrì náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí iná, lórí bátìrì tó ti darúgbó láti Lọ́ńdọ̀nù, ló pa á. Ẹnjiníà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó fọwọ́ họ orí. Ó ní, "Màmá, wọn ò kọ́ wa ní èyí." Màmá ní, "Wọn ò kọ́ èmi náà, ṣebí mo kà á ni. Mú irinṣẹ́ rẹ wá."

Wọ́n fa okùn iná yọ kúrò lára ògiri. Ẹnjiníà tú ìdè, ó ṣí ìdérí. Mo bẹjú wò ó: pátákó aláwọ̀ ewé pẹ̀lú àwọn nǹkan tó tò bí ilé lórí òkè, àti ní igun kan, bátìrì bí àgbá kékeré tó ti da omi. Nǹkan funfun àti aláwọ̀ ewé hù yí i ká, ó sì ti ń rákò lọ sára àwọn ìlà wáyà tínrín.

Ẹnjiníà ní, "Èyí ló máa jẹ pátákó run. Ó ti pẹ́ jù."

Màmá ti ń pe ilé ìdáná: "Ẹ bá mi mú ọsàn wẹ́wẹ́ kan wá!"

"Ọsàn? Màmá, ọbẹ̀ kọ́ là ń sè!"

"Omi bátìrì yìí ń jó ara bí omi eérú tí wọ́n fi ń se ọṣẹ. Ọsàn ló ń pa agbára rẹ̀." Wọ́n kọ́kọ́ mú sísọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń gé ìwọ́ ọmọ, wọ́n gé ẹsẹ̀ bátìrì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé e sínú àwo, wọ́n sì tọ́ka sí i. "Òun nìyí. Ó kéré báyìí, òun ló fẹ́ pa orúkọ gbogbo ìlú rẹ́." Lẹ́yìn náà wọ́n fi òwú wé orí igi ìgbálẹ̀, wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi ọsàn díẹ̀, wọ́n ń fi kan ibi tó funfun. Ó ń hó ṣìì. Màmá ń bá a hó, "Ṣìì, ṣìì, ṣé o rí i!" Alhaji ń rẹ́rìn-ín, Mùínátù ti gbàgbé ẹkún, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì tàn án fún wọn. Nígbà tí kò hó mọ́, wọ́n fi sípíríìtì nu ún lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì ní kí a máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ títí tí òórùn rẹ̀ fi lọ.

Kò sí irú bátìrì yẹn ní Ìjẹ̀bú-Òde, bóyá ní Èkó pàápàá. Ṣùgbọ́n ìwé náà ní ibi tí a lè so bátìrì mìíràn mọ́ láti ìta, kí agbára rẹ̀ ṣáà jẹ́ ti bátìrì rédíò kékeré mẹ́rin. Màmá gbé rédíò tí wọ́n fi ń gbọ́ ìròyìn láàárọ̀, wọ́n yọ ilé bátìrì inú rẹ̀ láìwo ẹ̀yìn. Ẹnjiníà fi áyọ̀nù kékeré tó ń yọ́ òjé jó wáyà méjì mọ́ ọn, pupa àti dúdú. Ó fẹ́ so ó nígbà tí Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n fi ìka lé ìlà kan nínú ìwé: fìlà kékeré kan wà lórí ẹsẹ̀ irin méjì, a gbọ́dọ̀ sún un sí ẹ̀gbẹ́ kejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ á máa tú iná sínú bátìrì tuntun tí kò lè gbà á, yóò sì bẹ́. Ẹnjiníà sún fìlà. Ó mí kanlẹ̀. "Màmá, ẹ wá máa bá mi ṣiṣẹ́ ní Èkó."

"Ta ló máa gbẹ̀bí fún wọn níbí? Tàn án."

A tàn án. Ó béèrè irú díìsì tó wà nínú òun. Ẹnjiníà kò mọ̀ ọ́n, nọ́ńbà bí ogójì ni èèyàn lè mú nínú rẹ̀, bí a bá sì mú èyí tí kì í ṣe òun a lè ba ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́. Màmá ti ṣí ẹ̀yìn ìwé orin. "Mẹ́tàdínlógún." Mo tẹ mẹ́tàdínlógún. Mo tẹ ọjọ́ òní, mo tẹ aago. Ẹ̀rọ náà pa ara rẹ̀, ó tún jí. Iná pupa iwájú rẹ̀ ṣẹ́jú, ó ṣẹ́jú, ó wá dúró. Gbogbo orúkọ yọ sílẹ̀ lójú rẹ̀ wàràwàrà bí òjò.

Mo ti pariwo kí n tó mọ̀. Màmá kò tíì pariwo. "Mùínátù, ti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Wá a."

Mo wá a. Mo rí i. Mo kà á sókè, Ẹnjiníà sì ń fi ìka ṣírò. Ó tún un ṣírò. "Ọdún méjìdínlógún," ó ní, "àti ọjọ́ mọ́kànlá!"

Ọjọ́ mọ́kànlá! Alhaji bú sí "Àlùhámdùlíláhì," ó ń fò lókè, fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kò mọ̀. Mùínátù dì mọ́ Màmá, Màmá dì mọ́ Ẹnjiníà, èmi sì dì mọ́ àga nítorí pé kò sẹ́ni tó kù. Màmá fa ọmọ náà sẹ́yìn, wọ́n wo ojú rẹ̀ dáadáa. "Ó dára tí o kánjú lọ́jọ́ yẹn. Ká ní o pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ọ̀la ì bá bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́." Nọ́ọ̀sì ni Mùínátù báyìí. Òun ló tọ́jú Màmá ní àwọn ọjọ́ ìkẹyìn wọn.

Láti ọjọ́ yẹn, Màmá kò jẹ́ kí bátìrì náà dàgbà. Inú ẹ̀rọ kọ́ ni wọ́n fi í sí. Wọ́n fa wáyà rẹ̀ gba ẹ̀yìn jáde, wọ́n so ilé bátìrì mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Wọ́n ní bátìrì yòówù kó jẹ́, ọjọ́ kan ó máa da omi, ara igi ni kó dà á sí, kó má dà á sára pátákó. Ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bó ti wù kó ṣì lágbára tó, ìgbà tí iná bá sì wà, tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ kó má baà gbàgbé. Wọ́n á lẹ bébà mọ́ ọn, wọ́n á kọ ọjọ́ sí i. Àwọn bátìrì tí wọ́n yọ ló ń mú rédíò tuntun tí wọ́n rà sọ̀rọ̀ títí agbára wọn yóò fi tán. Nígbà tí Bàbá Ayépé gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí Alhaji ló sọ fún gbogbo Ìjẹ̀bú, wọ́n wá, wọ́n wo bátìrì tó rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rí i pé ó gbàgbé?" Màmá ní, "Ó gbàgbé. Mo sì rán an létí. Jókòó, kí o jẹ ìkọ́kọrẹ́."

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kú, ṣọ́ọ̀ṣì ránṣẹ́ sí wa pé kí a mú ọjọ́ ìbí Màmá wá fún ìwé ètò ìsìnkú. A wo ojú ara wa. Bàbá Ayépé sọ pé Màmá tó nǹkan bí ọgọ́rin ọdún. Bàbá mi ní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní kí wọ́n má jà, ó wà lọ́wọ́ mi.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí a tún kọ̀ǹpútà ṣe ló ti wọ ọwọ́ mi, lẹ́yìn tí Alhaji àti ọmọ rẹ̀ ti lọ. Ẹnjiníà ti sùn sórí àga. Mo ń yí orúkọ sókè sódò lójú kọ̀ǹpútà kí ojú mi lè gbà á gbọ́, ó sì wá sọ sí mi lọ́kàn pé orúkọ kan kò sí níbẹ̀. "Màmá, ẹ̀yin ńkọ́? Ọjọ́ wo ni wọ́n bí yín?"

Wọ́n ń fọ omi ọsàn kúrò lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ta ni ì bá kọ ọ́? Ẹni tó gbẹ̀bí mi kò mọ̀wé." Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọn kò yé fọ ọwọ́ náà.

Mo ní, "Ó yá, ẹ mú ọjọ́ kan."

Wọ́n wo kọ̀ǹpútà, wọ́n wo Ẹnjiníà tó ń han oorun, wọ́n wo èmi. "Ọjọ́ wo la wà lónìí?"

Mo sọ ọ́.

"Tẹ ìyẹn."

Mo tẹ orúkọ wọn, mo tẹ ọjọ́ náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìyókù bó ṣe wà nínú ìwé ilé ìgbẹ̀bí. "Ìwọ̀n?"

"Ó sanra."

"Ojú ọjọ́?"

"Iná wà."

Àwa méjèèjì ti ń rẹ́rìn-ín débi pé n kò rí bọ́tìnnì mọ́. Mo bi wọ́n léèrè èyí tó kẹ́yìn, èyí tí wọ́n ń kọ sí iwájú orúkọ gbogbo ọmọ: nígbà tó dé, ṣé ó ké?

Màmá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Wọ́n ní, "Kọ ọ́ pé ẹ̀rín ló rín."